Ọgọ́ta Ìṣísẹ̀ Lẹ́bàá Adágún

Ìgbà mẹ́ta ni bàbá sọ ọ́ pé àmì ojú ọ̀nà lòun tẹ̀lé. Ó sọ ọ́ fún ẹni tó gbé e dìde nílẹ̀, ó sọ ọ́ fún ẹni tó fi ọkọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, ó sì sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tó ń gé ṣòkòtò rẹ̀ kúrò lára itan tó ṣẹ́.

"Wọ́n ya àwòrán ẹni tó ń rìn síbẹ̀. Apá ibẹ̀ ni mo gbà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ni nọ́ọ̀sì wí, kò sì gbọ́ ohun tó sọ.

Ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ náà dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ọ̀dà funfun sì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọmọ bàbá náà obìnrin ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kun àmì sójú ọ̀nà inú ọgbà ìgbafẹ́. Akunlà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ a máa fi ṣàwàdà, a máa pè é ní Ọ̀gá Ojú Ọ̀nà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló la ọgbà náà já, láti ẹnu géètì títí dé etí adágún omi, gbogbo ayé ló sì jọ ń lò ó. Bí ènìyàn bá ti géètì wọlé, etí ọ̀nà lápá òsì jẹ́ ti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, etí ọ̀nà lápá ọ̀tún jẹ́ ti kẹ̀kẹ́, àárín jẹ́ ti ọkọ̀, ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ sáré. Àmì tí Akunlà ń kùn ló ń là wọ́n níjà.

Irin pẹlẹbẹ méjì ló fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gé àwòrán ẹni tó ń rìn sínú ọ̀kan, wọ́n gé àwòrán kẹ̀kẹ́ sínú èkejì. Á tẹ́ irin sílẹ̀, á fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà lé e, á gbé irin kúrò, àwòrán á sì kù sílẹ̀. Ó ti ń ṣe é fún ọdún mẹ́fà, bákan náà ló sì máa ń ṣe é: á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì, irin ẹni tó ń rìn á wà lọ́wọ́ òsì, irin kẹ̀kẹ́ á wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Kì í ronú sí i mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ronú.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọgọ́ta ìṣísẹ̀ ṣe lójú ọ̀nà náà, lẹ́bàá adágún. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ń dán, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó tún ọ̀nà ṣe dí ẹnu géètì pa. Akunlà kò fẹ́ fi àsìkò ṣòfò, ó gba ẹ̀yìn ọgbà wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ láti etí adágún, ó kọjú sí géètì. Òsì ti di ọ̀tún. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀. Ó kun àmì mẹ́fà, mẹ́ta lápá kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló sì bọ́ sí apá tí kì í ṣe tiwọn. Ó fọ búrọ́ọ̀ṣì, ó lọ jẹun.

Ìrọ̀lẹ́ ni bàbá rẹ̀ máa ń rìn nínú ọgbà náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, kò fara kan ènìyàn rí, kò fara kan adìẹ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin máa ń sọ pé bí ẹnìkan bá gbé àmì ìdúró sínú yàrá rẹ̀, ebi ni yóò pa á síbẹ̀. Nígbà tí bàbá dé ojú ọ̀nà tuntun, ó rí kẹ̀kẹ́ níwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rí ẹni tó ń rìn ní òdìkejì. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó sọdá. Kò tí ì rìn jìnnà tí apínlẹ́tà kan fi yọ láti kọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ní apá tó ti ń gbà láti ọdún pípẹ́. Ó lu agogo. Kò sí àyè mọ́.

Kí Akunlà tó sáré débẹ̀, wọ́n ti ń gbé bàbá lọ. Ó wo ilẹ̀. Ó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí géètì tó ṣí, ó fi ọ̀dà dúdú pa àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ́, ó sì kun òmíràn sí apá tó yẹ. Nígbà tí ọ̀gá ọgbà wá wo ibẹ̀ ní agogo mẹ́wàá, kò sí ohun tó ṣì níbẹ̀. Ọ̀gá náà mi orí. "Ọjọ́ ogbó ti dé sí bàbá yẹn," ló wí. Akunlà gbé ẹnu dákẹ́.

*

Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀, àpò ọsàn kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dìde nígbà tó rí Akunlà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lọmọ bàbá tí…"

"Tí ẹ fi kẹ̀kẹ́ gbá?" Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ bó ṣe le tó.

"Èmi ni." Kò ṣàwáwí. "Mo wá lánàá, wọ́n lé mi. Mo wá láàárọ̀, wọ́n lé mi. Bàbá ni mo ra ọsàn yìí fún. Èmi náà ni mo ń jẹ ẹ́ láti àárọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ó gbé e mì. Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀. Akunlà di ọwọ́ sẹ́yìn.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá, lẹ́yìn tó bá pín lẹ́tà tán. Bàbá á kọjú sí ògiri. Apínlẹ́tà á kí i, á jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ní, "Ó dàbọ̀, Bàbá," á sì bá tirẹ̀ lọ láìrí èsì gbà. Akunlà ló máa ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rí ọkàn ló mú kó máa sìn ín. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà, kò mọ ohun tó ń mú òun ṣe é mọ́. Ohun tó mọ̀ ni pé láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ lòun ti ń gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí bàbá fi padà sílé, tó ń fi ọ̀pá tọ inú pálọ̀, Akunlà àti apínlẹ́tà ti ń rìn pọ̀ nínú ọgbà lẹ́yìn iṣẹ́.

"Kí ló dé tí agogo fi jẹ́ méjì lára kẹ̀kẹ́ rẹ?"

"Ọ̀kan fún ajá, ọ̀kan fún ènìyàn."

"Wọ́n mọ ìyàtọ̀ ni?"

"Ajá mọ̀ ọ́n. Àwa la ò mọ̀ ọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ojú ọ̀nà tuntun. Ibẹ̀ lọkùnrin náà dákẹ́. Ó máa ń dákẹ́ níbẹ̀. Kì í gun kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀ mọ́, ńṣe ló máa ń tì í, tí yóò sì máa wo àmì ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lò ń wò?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ó mọ́."

Ó wo ojú ọkùnrin náà dáadáa, kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Gbọ́," ni ọkùnrin náà wí. "Mo fẹ́ fẹ́ ọ. N kò mọ bí àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ ṣe ń sọ ọ́. Bó ṣe rí nìyẹn."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Bàbá rẹ ni mo kọ́kọ́ rò kí n tó ya ẹnu."

"Fún mi láyè díẹ̀."

"Láti ṣe kí ni?"

Akunlà kọjú sí ọ̀nà ilé. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dínkù lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́wọ́, ọkùnrin tó ti ń ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò mọ ẹni tó gbé e rù ú, yóò sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí kò bá jẹ́wọ́, bàbá kò ní gbà kí òun fẹ́ ẹ títí ayé. Ọ̀nà méjèèjì ló ń gba ọkùnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà kò ṣe nǹkan kan, ó sì ń pe ìyẹn ní sùúrù.

*

Aránṣọ ni àbúrò bàbá. Òun ló tọ́ Akunlà láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Tó bá ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ máa ń wà láàárín ètè rẹ̀, kò sì dí i lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

"Ta ni? Apínlẹ́tà? Ẹni tó ṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nítan?" Ó tu abẹ́rẹ́ mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́. "Nínú gbogbo ọkùnrin tó ń bẹ nílùú, ẹni tó kọ lù wá náà ló wù ọ́?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo mọ̀ pé ó níṣẹ́. Ṣé ó ń mutí?"

"Ọsàn ló ń jẹ, Àǹtí."

"Hùn. Màá bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́. Àmọ́ tó bá ju ọ̀pá lù mí, ìwọ lo máa rán aṣọ yìí parí."

Akunlà wà nílé ìdáná nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Rárá," ni bàbá wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n tiẹ̀ sọ ọ́ tán."

"O ti sọ ọ́ tán. Èmi àti ọkùnrin yẹn nìkan la wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú wa ló ṣì apá gbà. Bí mo bá fi ọmọ mi fún un, mo ti gbà pé èmi ni."

"Ta ló ń bá yín ro irú ìyẹn?"

"Èmi ni mò ń rò ó. Mo rí àmì yẹn. Mo rí i bí mo ṣe ń rí ọ yìí." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọ̀gá wọn ní kò síbẹ̀. Tí kò bá síbẹ̀, kí ni mo rí? Dókítà yẹ ojú mi wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ojú mi mọ́ ju ti òun lọ. Ó wá bi mí bóyá mo ti ń gbàgbé orúkọ àwọn ènìyàn mi. Ṣé o mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ń wá?"

Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò.

"Gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yìí. Fún ọmọ mi kó tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń rí ohun tí kò sí, kò gbọdọ̀ wakọ̀."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Akunlà sínú omi. Ó ti ń rò láti oṣù márùn-ún pé itan bàbá lòun ṣẹ́. Kò mọ̀ pé lójoojúmọ́ tóun bá dákẹ́ ni bàbá ń pàdánù díẹ̀ lára ìgbàgbọ́ tó ní nínú orí ara rẹ̀. Nígbà tí Aránṣọ wọlé tó na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó sì gbà á.

*

Ó lọ bá apínlẹ́tà nínú yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ibùsùn kan, tábìlì kan, kẹ̀kẹ́ tó fara ti ògiri. Ó sọ èsì bàbá fún un. Kò mẹ́nu kan dókítà.

"Ó dáa," ni ọkùnrin náà wí. "Màá lọ bá a fúnra mi. Màá sọ fún un pé èmi ni mo ṣì apá gbà."

"Irọ́ nìyẹn!"

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé irọ́ ni?"

Ọkùnrin náà fa àpótí kan jáde lábẹ́ ibùsùn, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Lára apá ṣẹ́ẹ̀tì náà, ọ̀dà funfun ti gbẹ, ó sì dúró ní ìrísí ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ tó gbé sókè bí ẹni fẹ́ rìn.

"Ọ̀dà kò tí ì gbẹ dáadáa nígbà tí mo ṣubú lé e. Apá kẹ̀kẹ́ ni mo gbà, ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn ló lẹ̀ mọ́ mi lára. Mo kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i pé wọ́n ti yí i padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí ọ nílé ìwòsàn. Ọ̀dà dúdú wà lábẹ́ èékánná rẹ."

"Láti ọjọ́ náà lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ náà."

"O wá ń bá mi rìn, ò ń bá mi rẹ́rìn-ín, fún oṣù márùn-ún! Kí ló dé tí o ò bi mí?" Inú ń bí i, bó ṣe máa ń bí ẹni tí ọwọ́ tẹ̀.

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Pé màá bi ọ́, wàá sì purọ́ fún mi. Tí o bá purọ́ fún mi, n kò ní lè fẹ́ ọ mọ́. Mo sì fẹ́ fẹ́ ọ." Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Nígbà tí o ní kí n fún ọ láyè, mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí lo fẹ́ fi àyè náà sọ. Mo ti ń retí rẹ̀ látìgbà yẹn. Ó ti sú mi. Jẹ́ kí n lọ gba ẹ̀bi náà lọ́wọ́ bàbá, ká lè rí ibi lọ."

Akunlà wo ẹsẹ̀ funfun náà. Ó rọrùn. Bàbá yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tó ń fẹ́, wọn yóò fẹ́ ara wọn, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n àmì tí bàbá rí kò ní tìtorí ìyẹn padà sójú ọ̀nà. Bàbá yóò kàn rí ẹni tó jẹ̀bi, orí rẹ̀ yóò sì máa dà á láàmú lọ.

"Dókítà bi bàbá mi bóyá ó ti ń gbàgbé orúkọ ènìyàn," ló wí.

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ yí padà. "N kò mọ ìyẹn. Ká ní mo mọ̀ ni…"

"Èmi náà kò mọ̀, títí di àná. Yá mi ní ṣẹ́ẹ̀tì yìí."

*

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó mú bàbá gba ẹ̀yìn ọgbà wọlé. Aránṣọ ru àpótí ìjókòó tẹ̀lé wọn, ó ń ráhùn pé kò sẹ́ni tó sọ ohun tí wọ́n ń lọ ṣe fún òun. Akunlà fi bàbá jókòó sétí adágún, ó gbé irin méjèèjì.

"Bàbá, ẹ máa wò mí."

Ó kọjú sí géètì. Irin ẹni tó ń rìn wà lọ́wọ́ òsì, irin kẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó tẹ́ wọn sílẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa àwòrán wọn, ó rìn síwájú, ó tún fà á, títí ó fi pé mẹ́fà. Nígbà tó dìde, àwòrán ṣọ́ọ̀kì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọ̀dà, kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń rìn, ẹni tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́.

"Bí mo ṣe kùn ún lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, Bàbá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí n kì í ti í bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí ohun tí kò sí. Ó wà níbẹ̀. Èmi ni mo pa á rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì dákẹ́."

Bàbá fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde, ó rìn lọ síbi àwòrán ṣọ́ọ̀kì kejì lápá kẹ̀kẹ́, ó gbẹ́sẹ̀ lé e.

"Ibí ni."

"Ibẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo rí i."

"Ẹ rí i."

Ó na ṣẹ́ẹ̀tì náà sí bàbá, ó sọ ibi tó ti wá. Bàbá tẹ́ ẹ sórí ọwọ́, ó fi ìka tọ etí ẹsẹ̀ funfun náà yí ká, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kàwé. Akunlà ń retí pé kó pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Oṣù márùn-ún," ló wí. "Mo fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi, o sì gbà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mú un wá."

Ó mú un jáde nínú àpò. Bàbá gbà á, ó pa ọwọ́ dé lé e.

"Lọ́jọ́ Ajé, wàá kọ gbogbo ohun tí o sọ yìí sínú ìwé, wàá buwọ́ lù ú, wàá gbé e fún ọ̀gá rẹ. Tí wọ́n bá lé ọ, wọ́n lé ọ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Apínlẹ́tà yẹn mọ̀, ó ń wá wo ẹ̀yìn mi ní Ọjọ́bọ̀, kò sọ nǹkan kan." Ó ronú. "Ẹni tó lè pa ẹnu mọ́ tó báyìí, n kò mọ̀ bóyá kí n gbà á sílé tàbí kí n sá fún un."

"Ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n mi," ni Aránṣọ wí, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. "Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dákẹ́ nínú ilé yẹn kí n lè ráyè sọ tèmi."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Sọ fún un kí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá."

Ó yí padà, ó ń fi ọ̀pá tọ apá àwọn tó ń rìn lọ. Kò pe ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀gá Ojú Ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Kò pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn ẹbí apínlẹ́tà wá, mẹ́rin lórí ìlà, tí eruku bo bàtà gbogbo wọn. Kò pè é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo oṣù mẹ́ta tí ọ̀gá ọgbà fi gba irin lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń gbá ewé. Ó fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà, ó ń bá ọkọ àfẹ́sọ́nà sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Akunlà ń jẹun nílé náà bí àlejò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n buwọ́ lùwé ìgbéyàwó, bàbá ní òun lòun máa wakọ̀. Aránṣọ jókòó síwájú, tọkọtìyàwó jókòó sẹ́yìn. Ó gba inú ọgbà. Nígbà tí wọ́n dé ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́ta ìṣísẹ̀ náà, ó dúró, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dà àmì ibẹ̀ ṣì funfun báláú.

"Ta ló kun ìwọ̀nyí?"

"Èmi ni, Bàbá. Àná ni wọ́n dá irin padà fún mi."

"Ibo lo ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹnu géètì."

"O padà wò ó?"

"Ìgbà mẹ́ta, Bàbá."

Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Obìnrin arúgbó kan ń rìn bọ̀ lápá òsì. Kẹ̀kẹ́ kan yọ láti kọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún. Bàbá na ọrùn, ó wo arúgbó náà, ó wo kẹ̀kẹ́, kò sì gbójú kúrò lára wọn títí tí kálukú fi gba apá tirẹ̀ kọjá.

Ó tan ẹ́ńjìnnì padà.

"Ó dáa, Ọ̀gá Ojú Ọ̀nà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."